Ẹ gbà mí o: èèpo ìwé ìtàn ìfẹ́ ayé 1892

Ọmọ Pòrógun · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé, kò pa mí. Èèpo rẹ̀ ló fẹ́ pa mí báyìí.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láti 1891 wọ 1892, nígbà tí ìjọba Èkó ń dààmú Awùjalẹ̀ pé kó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, títí ọ̀rọ̀ fi di ogun. Ahunṣọ ni Ẹfúnyẹmí. Ọkùnrin kan gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, ó ní aṣọ lòun wá rà. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ Ẹfúnyẹmí lọ́kàn. Àfi lọ́jọ́ kan tí obìnrin náà rí lẹ́tà tí wọ́n rán mọ́ inú ìṣẹ́tí aṣọ, kò wá mọ̀ mọ́ bóyá olólùfẹ́ òun ni amí tí gbogbo ìlú ń wá. Ọ̀NÀ Ẹ̀PẸ́ ni mo sọ ìwé náà. Ojú ewé 280 ni.

Mo gbé iṣẹ́ fún ọmọkùnrin kan tó ń ṣe gráfíìkì, ó ti yà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú àkọ́kọ́, takọtabo dì mọ́ra, obìnrin wọ lééṣì, ó wé gèlè gàgàrà bí ẹni tó ń lọ Òjúde Ọba. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó. Èkejì, èéfín ìbọn àti sójà òyìnbó ni látòkè délẹ̀. Ó jọ ìwé ìmúrasílẹ̀ WAEC. Ẹ̀kẹta, ojú obìnrin kan ṣoṣo nínú òkùnkùn, ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀. Màmá mi ní mi ò gbọdọ̀ gbé e wọ inú ilé òun.

Ìfẹ́, ìbẹ̀rù, ayé àtijọ́: báwo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe máa gba ojú ìwé kan? Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ló kù lọ́wọ́ mi fún èèpo yìí. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.


Àǹtí Òǹkàwé · Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Èmi tí mo máa ń fi owó ara mi ra ìwé ìfẹ́ ni kó o gbọ́ tèmi. Bí mi ò bá rí èèyàn lára ìwé, mi ò ní mọ̀ pé ìfẹ́ wà nínú ẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ yẹn ni kó o mú, kó o kàn bọ́ lééṣì lọ́rùn ọmọ náà. Kí ló burú nínú kí takọtabo dì mọ́ra?


Gráfíìkì Rẹ́mọ · Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Pòrógun, ẹ má bá ọmọ yẹn wí. Ohun mẹ́ta lẹ rán an, ó sì ya mẹ́ta fún yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìfẹ́ rèé, ogun rèé, ẹ̀rù rèé. Ohun tó so wọ́n pọ̀ gan-an lẹ ò sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ẹ sọ ọ́ fún wa níbí: lẹ́tà inú ìṣẹ́tí aṣọ. Aṣọ tí obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún ọkùnrin, àṣírí wá wà nínú ẹ̀. Bí mo bá rí i lórí pákó ìwé, màá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin yìí fẹ́ràn ẹ̀ ni àbí ó ń fi í wọ ìlú. Ìyẹn ti tó mi ra ìwé.

Bí èmi bá ni, àwọn òwú tó ta láti òkè dé ìsàlẹ̀ lára ẹ̀rọ ìhunṣọ ni màá fi kún gbogbo èèpo ìwé. Gbogbo wọn á jẹ́ àwọ̀ aró àti funfun, àfi ẹyọ kan ṣoṣo tó máa pupa. Òwú pupa yẹn ni Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin á dúró lẹ́yìn àwọn òwú náà, a ó máa rí i fírífírí láàárín wọn, a ò ní dá ojú rẹ̀ mọ̀.

Ohun kan tún wà. Kí ẹ tó gba àwòrán kankan, ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kí ẹ wò ó nígbà tó ṣì wà ní ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò. Ibẹ̀ ni ẹni tó máa rà á ti máa kọ́kọ́ rí i. Bí orúkọ ìwé kò bá ṣeé kà níbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun pátápátá, kí ẹ tún wò ó. Àwòrán ẹlẹ́jẹ̀ yẹn, bí ẹ bá yọ pupa kúrò lára rẹ̀, ẹrẹ̀ lásán ló máa kù.


Bàbá Olùkọ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ìtàn ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé gíga n'Íjẹ̀bú-Igbó kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ àwọn ohun tí kò sí ní 1892 kúrò kí àwọn alárìíwísí tó bá yín yọ ọ́.

Lééṣì tí ẹ rí yẹn, láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni èyí tó ń ti Austria wá gbòde láàárín wa. Ẹfúnyẹmí ti di ìyá ńlá nígbà náà, bó bá ṣì wà láyé. Gèlè gàgàrà ọ̀hún náà, tòní ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ sí i, ẹ ṣọ́ra: ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù, èyí tí orí ọba àti ayaba wà lára rẹ̀, ayẹyẹ ọdún 25 tí ọba Gẹ̀ẹ́sì lò lórí ìtẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, ìyẹn 1935.

Àwòrán kejì náà ní àṣìṣe. Sójà òyìnbó nìkan kọ́ ló wá. Àwọn ọ̀gá wọn ni òyìnbó, Ajagun Scott ló sì kó wọn wá. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Haúsá tí ìjọba Èkó àti ti Gold Coast (Gánà òde òní) gbà síṣẹ́ ológun ni, pẹ̀lú àwọn sójà dúdú láti West Indies. Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1892 ni wọ́n jà ní Ìmagbọn, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì. Ìbọn Maxim ni wọ́n fi borí. Bí ọmọ yẹn bá yàbọn sọ́wọ́ àwọn tiwa, ẹ rí i pé ṣakabùlà ni o, ọ̀pá ìbọn rẹ̀ gùn. Mo ti rí ìwé kan tí wọ́n kọ nípa ogun Kírìjì tó jẹ́ pé AK-47 ni jagunjagun iwájú gbé dání.

Mo fẹ́ràn òwú Gráfíìkì yìí, àmọ́ ẹ̀rù dà níbẹ̀? Ogun ń bọ̀ nínú ìwé yìí. Ìbọn kan, ó kéré tán.


Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Bàbá, ẹ̀rù lẹ ń wá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya Agẹmọ sí i, kó yọ lẹ́yìn obìnrin náà nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé Ìjẹ̀bú ni, ara rẹ̀ á sì bù máṣọ.


Ìyá Aláṣọ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ kú àárọ̀, ṣé ara le? Ṣé ẹ rò ó kí ẹ tó kọ ọ́? Obìnrin kì í rí Agẹmọ. Lọ́jọ́ tí àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún bá ń lọ Ìmosàn, inú ilé ni àwa ń wà. Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n yà á sẹ́yìn obìnrin, lára ìwé tí obìnrin kọ, tí obìnrin máa rà? Ìwé yẹn ò ní wọ ọ̀pọ̀ ilé n'Íjẹ̀bú. Kì í ṣe pé mo ń halẹ̀ o, mo mọ ilé tí wọ́n ti bí mi ni.

Gráfíìkì, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín dára, àfi pé ó hàn pé ẹ ò tíì jókòó ti ahunṣọ rí. Ìyá ìyá mi hun aṣọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Òfì tí ẹ máa ń rí lórí fóònù, tí wọ́n ta òwú rẹ̀ jìnnà síwájú, tó ń yọ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn láyé àtijọ́. Ti àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú, òró ló dúró, ara ògiri ni wọ́n ń fi tì, aṣọ fífẹ̀ ló sì ń hun. Nítorí náà ọkùnrin yín ò lè dúró lẹ́yìn òwú. Ògiri ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́yìn obìnrin. Fìtílà á wà lẹ́yìn òun náà, òjìji rẹ̀ á wá ṣubú sórí àwọn òwú tí obìnrin ń hun. Ọwọ́ obìnrin nìkan la máa rí, àti òjìji. Bàbá Olùkọ́, ẹ̀rù yín rèé, kò gba ìbọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ẹ ya aṣọ ìtagbè nítorí pé ó rẹwà. Ti àwọn Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni Ìjẹ̀bú, ni, oyè ni wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó gbé e léjìká. Ọmọge kì í fi í ta ọkùnrin lọ́rẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ọnà lára aṣọ náà, ọ̀nì wà lára àwọn aṣọ ńlá tí a ń hun nílẹ̀ yìí. Àwọn ará Ìjọ̀ (Ijaw) ìsàlẹ̀ odò máa ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú wọ̀nyẹn láyé àtijọ́.


Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Mọ̀mí, ẹ má bínú. Mo ti gbé Agẹmọ sọ̀kalẹ̀.


Àǹtí Òǹkàwé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ọwọ́ àti òjìji, ó dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i, ìwé apànìyàn ni màá pè é. Ìfẹ́ dà? Òjìji yẹn ń bọ̀ wá fún un lọ́rùn ni àbí ó fẹ́ dì mọ́ ọn?


Gráfíìkì Rẹ́mọ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀

Àǹtí, ẹ ti bá wa parí iṣẹ́! Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n bi ara wọn gan-an nìyẹn. Ibi tí ọwọ́ òjìji bá wà ló máa pinnu ẹ̀. Bó bá wà ní ọrùn, apànìyàn. Bó bá wà lórí ọwọ́ obìnrin náà, tí òjìji ìka ọkùnrin bo ìka rẹ̀ lára òwú pupa, ìfẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé òwú ló fẹ́ fà já. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Aláṣọ. N kò jókòó ti ahunṣọ rí lóòótọ́.


Ọmọ Kọ̀ǹpútà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán

Gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Ẹ lọ sọ fún AI, ìṣẹ́jú kan ló máa yà á. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta jẹ ìkọ́kọrẹ́.


Gráfíìkì Rẹ́mọ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:34 ọ̀sán

Mo ti dán an wò láàárọ̀ yìí nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ ọ́. Ó ya obìnrin tó fi ìlẹ̀kẹ̀ àwọn Maasai ti Kẹ́ńyà sọ́rùn, ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, òwú ẹ̀rọ ìhunṣọ sì ti inú ògiri jáde bí ìrùngbọ̀n. Òfì ọkùnrin ló yà. Bí ẹ bá lò ó fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ẹ ní lọ́kàn, kò burú. Bí ẹ bá lò ó nínú ìwé tí ẹ fẹ́ tà lórí Amazon, láti 2023 ni KDP, ẹ̀ka Amazon tí òǹkọ̀wé ti ń tẹ ìwé ara rẹ̀ jáde, ti ń béèrè pé kí òǹkọ̀wé sọ fún wọn bó bá jẹ́ AI ló yàwòrán. Ẹ sọ òtítọ́.


Atẹ̀wé Ṣàgámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:50 ọ̀sán

Ẹ kú ìjókòó. Àwòrán lẹ ń jà lé lórí, ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa ni ojú máa là.

Ẹ ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ aró yẹn lẹ máa kábàámọ̀ bí ẹ ò bá ṣọ́ ọ. Lórí kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé àwọ̀ jáde. Lórí bébà, íǹkì mẹ́rin ni, CMYK ni wọ́n ń pè é. Aró tó ń dán lójú fóònù lè di àwọ̀ èlùbọ́ tàbí kó di elésè-àlùkò lọ́wọ́ wa. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú ìwé orin ìjọ kan, 500 ẹ̀dà, èmi ni mo jẹ gbèsè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kí aró jẹ́ aró, mo máa ń rí i pé íǹkì pupa rẹ̀ fi nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí íǹkì búlúù. Kí ọmọ yẹn yí fáìlì sí CMYK látìbẹ̀rẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá parí.

Kí àwòrán kọjá etí ìwé ní mílímítà 3 yí ká, ibi tí ẹ̀rọ máa gé dànù nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ kankan má sún mọ́ etí.

Ẹ̀gbẹ́ ìwé, ibi tí a máa ń rí nígbà tí ìwé bá wà lórí pákó, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n ẹ̀. Ojú ewé 280 ni ìwé yín, ìwé 140 nìyẹn. Ẹ lọ bá atẹ̀wé yín, ẹ gba ìwé 140 nínú bébà tó máa lò gan-an, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Òun ni. Bébà yàtọ̀ síra wọn, ẹ má gba ìwọ̀n ìwé ẹlòmíràn.

Bí èèpo bá dúdú, tí wọ́n sì fi ọ̀rá lamínéṣọ̀n tí kò dán bò ó, gbogbo ìka tó bá kàn án á máa hàn. Ẹ ronú sí i. Ẹ gba ẹyọ ẹ̀dà kan kí ẹ tó ní kí wọ́n tẹ ìyókù. Atẹ̀wé tó bá kọ̀, ẹ dìde níwájú rẹ̀.


Olóòtú Alẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:15 alẹ́

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ti Atẹ̀wé, nítorí kì í ṣe Ṣàgámù nìkan ni wọ́n ti ń tẹ̀wé. Bí ẹ bá máa fi sórí KDP pẹ̀lú, ìṣirò tiwọn ti wà nílẹ̀: bí bébà bá jẹ́ èyí tó pọ́n díẹ̀, ojú ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.0025 ínṣì, 280 máa wá jẹ́ 0.7 ínṣì. Bó bá funfun, 0.002252 ni, ó máa sún mọ́ 0.63. Nítorí náà fáìlì méjì ni, ti KDP lọ́tọ̀, ti atẹ̀wé ilé lọ́tọ̀. Ti ìwé orí fóònù, iwájú nìkan ni wọ́n ń fẹ́: píksẹ́lì 2560 ní gíga, 1600 ní fífẹ̀.

Àdéhùn náà: ẹ má rò pé nítorí ẹ sanwó, àwòrán ti di tiyín. Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ-lórí-iṣẹ́ wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún yín, kó buwọ́ lù ú, kó sì kó ojúlówó fáìlì tó fi ṣiṣẹ́ fún yín, kì í ṣe àwòrán tó ti pa pọ̀ nìkan. Èmi ò gbà á nígbà kan. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ ẹ̀dà kejì, ẹni tó yà á ti lọ sí Kánádà, kò gbé fóònù.

ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, ilé ìkàwé àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fún ni. Ẹ gbà á kí wọ́n tó ṣe èèpo ẹ̀yìn, kí àyè rẹ̀ lè wà níbẹ̀.


Bàbá Olùkọ́ · Ọjọ́ Rú, 7:30 àárọ̀

Mo ti gbà, kò gba ìbọn. Ìyá Aláṣọ borí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí "1892" wà níbì kan, kékeré.


Ọmọ Pòrógun · Ọjọ́ Ẹtì, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo mú gbogbo ọ̀rọ̀ yín lọ bá ọmọkùnrin náà. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ìyípadà kẹrin nìyí. Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún sí i. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ṣì ní ẹ̀rọ ìhunṣọ lára ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó fi fóònù ya òwú náà, mo na ọwọ́ mi, ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú fìtílà elépo tí a yá. Òjìji tó máa wà lára ìwé, tirẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí, ìyá àgbà ní ṣé ọkọ mi ni.

Ó rẹwà. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo rí i, inú mi sì dùn.

Àmọ́ ẹ wo orúkọ ìwé. Irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) tó mú, gbàǹgbà tó lẹ́wà ni, kò ní àmì kankan. Ó kọ ONA EPE. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó ní, "Ọ̀nà Èpè? Ta lo fẹ́ ṣẹ́ èpè fún?" Ọmọ náà wá mú àmì ìdánudúró, ó fi sábẹ́ E, ó lọ sílẹ̀ jù, ó dà bí ìdọ̀tí.


Gráfíìkì Rẹ́mọ · Ọjọ́ Ẹtì, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Háà! Èmi ló yẹ kí n ti sọ èyí látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó rẹwà, àwọn tó ṣe é kò ro Yorùbá mọ́ ọn. Ẹ̀ tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀ kò sí ní odidi nínú kọ̀ǹpútà, ńṣe ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé àmì òkè sí lórí Ẹ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó mú fọ́ǹtì Gentium, Charis tàbí Noto Serif, àwọn yẹn mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè má tó lẹ́wà tó tirẹ̀, àmọ́ ó lè fún lẹ́tà ní àyè láàárín, kó mú èyí tó nípọn. Ẹ jẹ́ kó fi àyè sílẹ̀ lókè dáadáa, nítorí lẹ́tà ńlá tó tún gbé àmì ga ju bí ó ṣe rò lọ. Bó bá parí, kó sọ àwọn lẹ́tà náà di àwòrán nínú fáìlì kó tó fi ránṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé má bàa gbà wọ́n dànù lọ́nà.


Atẹ̀wé Ṣàgámù · Ọjọ́ Ẹtì, 6:58 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni. Kọ̀ǹpútà tiwa náà máa ń jẹ àmì. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, ẹ má fi nǹkan mìíràn ránṣẹ́.


Ọmọ Pòrógun · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:10 àárọ̀

Ó ti yí i sí Gentium. Ọ̀NÀ Ẹ̀PẸ́, àmì pé. Àfi pé àmì abẹ́ Ẹ kejì bọ́ sórí òwú pupa gẹ́lẹ́, ó dà bíi pé kókó ni wọ́n ta sí i. Atẹ̀wé ti ní kó gbé orúkọ náà sókè ní mílímítà méjì. "1892" wà nísàlẹ̀, Bàbá. Ẹyọ ẹ̀dà kan á dé lọ́jọ́ Ajé.


Ìyá Aláṣọ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:26 àárọ̀

Má gbé e sókè o, ọmọ mi. Ibi tí òwú bá já, kókó la máa ń ta sí i.


Bàbá Olùkọ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:41 àárọ̀

Bí ẹ bá ṣì ní èyí tó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀nà Èpè, ẹ bá mi tẹ ẹyọ kan. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́ fún.